Ẹyin Mẹ́fà Ìyá Àgbà: Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Tuskegee Ṣe Bẹ̀rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára wa bá ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa sọ. A gbé e síbí fún àwọn tí kò lè wá, àti fún gbogbo ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi.)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, wọ́n sì fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀kọ́ gbòòrò jù fún ogún ìṣẹ́jú. Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Tuskegee lorúkọ ìlú náà, òun náà lorúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú un. Ní ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ilé ìkàwé tí a fẹ́ kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ẹnìkan dìde. Ó ní owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà kò lè gbé ilé dúró. Ó ní ká dá a padà fún wọn, ká lọ bá olówó kan, kó kọ́ ọ, ká fi orúkọ rẹ̀ sára ògiri, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èsì yẹn ni mo gbé wá lónìí.

Ní ayé ẹrú, òfin Alabama ti ọdún 1832 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbìyànjú láti kọ́ ẹrú, tàbí aláwọ̀ dúdú tó ti gbòmìnira pàápàá, ní ìwé kíkà, yóò san owó ìtanràn. Iye náà kò gbọ́dọ̀ dín ní 250 dọ́là, kò sì gbọdọ̀ ju 500 dọ́là lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, a máa padà bá a. Ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865, ẹrú dòmìnira. Àwọn èèyàn wá jáde kúrò lóko ẹrú láìní ilẹ̀, láìní owó, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ a yàtọ̀ sí b. Ṣùgbọ́n ebi ìwé ń pa wọ́n.

Ní Tuskegee, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lewis Adams. Ẹrú lòun náà tẹ́lẹ̀. Ó mọ bàtà ṣe, ó mọ ìjánu ẹṣin ṣe, ó mọ páànù lù, ó sì di ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nígbà tí ìdìbò ń bọ̀ ní 1880, aláwọ̀ funfun kan, W. F. Foster, tó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wá bá a pé kó bá òun wá ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ wò ó, ibi tí ẹlòmíràn ti máa ní kí wọ́n fún òun lápò ìrẹsì, ilé ẹ̀kọ́ ni Adams béèrè. Ó ní bí ẹ bá wọlé, ẹ bá wa gba ilé ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́. Foster wọlé, ó sì mú àdéhùn ṣẹ. Ní 1881, ìjọba Alabama fọwọ́ sí 2,000 dọ́là lọ́dún.

Ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ nìkan ni wọ́n fi 2,000 dọ́là yẹn sí. Kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ilé. Kò sí àga.

Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Hampton ní Virginia, Ọ̀gágun Samuel Armstrong, pé kó bá àwọn wá olùkọ́ kan. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n lérò pé yóò fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin dúdú ẹni ọdún 25 ló fi ránṣẹ́, Booker T. Washington, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia. Nígbà tó dé ní oṣù kẹfà ọdún 1881, ó rò pé òun á bá ilé nílẹ̀. Kò bá nǹkankan. Àwọn tó fẹ́ kàwé ló bá, wọ́n pọ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1881, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30, nínú ahéré kan tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Mẹ́tọ́díìsì dúdú. Òrùlé ń jò. Bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á dìde, á di agboòrùn mú lé olùkọ́ lórí, kó lè máa gbọ́ iṣẹ́ àwọn yòókù. Ní ilé tó wọ̀ sí pàápàá, onílé rẹ̀ ti di agboòrùn mú lé e lórí rí níbi tó ti ń jẹun àárọ̀. Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí? Kì í ṣe ọmọdé o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe tíṣà lábúlé, àwọn kan ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Wọ́n fẹ́ràn ìwé ńláńlá tí orúkọ rẹ̀ gùn. Bí ìwé bá ṣe nípọn tó ni wọ́n ṣe ń yangàn tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, olùkọ́ kejì dé, obìnrin, Olivia Davidson. Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí, torí nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Tuskegee, Washington nìkan ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Obìnrin yìí ló mọ bí wọ́n ṣe ń kó owó jọ. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n rí oko kan tí ẹni tó ni ín fẹ́ tà, oko ẹrú àtijọ́ ni, nǹkan bí 100 éékà. Ilé ńlá olówó ẹrú ti jóná. Ohun tó kù ni ahéré kan, ilé ìdáná àtijọ́, ilé ẹṣin, àti ilé adìẹ. Iye owó ilẹ̀ náà: 500 dọ́là. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ san 250, kí wọ́n san ìyókù láàárín ọdún kan. Ṣé ẹ rántí òfin 1832? Iye tí wọn ì bá fi tanràn ẹni tó kọ́ ẹrú ní ìwé, 250 sí 500, òun náà gan-an ni wọ́n fi ra oko ẹrú, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìwé.

Wọn ò ní 250. Akápò ilé ẹ̀kọ́ Hampton, Ọ̀gágun Marshall, ló yá wọn látinú àpò ara rẹ̀. Wọ́n kó wọlé. Ilé ẹṣin di kíláàsì. Nígbà tó kún, Washington lọ bá bàbá àgbà kan ládùúgbò, ó ní kó wá bá òun palẹ̀ ilé adìẹ mọ́ lọ́la. Bàbá lanu. Palẹ̀ ilé adìẹ mọ́, lọ́sàn-án gangan? Bàbá rò pé adìẹ ni wọ́n fẹ́ lọ kó níbi tí wọn ò ti bẹ̀rù ojú.

Gbèsè wá wà lọ́rùn. Ibí ni Olivia Davidson ti bọ́ sójú agbo. Ó ń lọ láti ilé dé ilé nínú ìlú, sọ́dọ̀ dúdú àti funfun, ó ń tọrọ àkàrà òyìnbó, búrẹ́dì, adìẹ, ohun tí kálukú bá ní. Wọn á wá ṣe àsè, wọn á ta á, owó á wọlé. Àwọn tí kò ní ju sẹ́ńtì márùn-ún lọ mú un wá. Ẹlòmíràn mú aṣọ ìbora wá, ẹlòmíràn mú ìrèké wá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó tó nǹkan bí ẹni 70 ọdún tiro wọlé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Àkísà ló wọ̀, ṣùgbọ́n àkísà náà mọ́. Ó sọ fún Washington pé inú ẹrú lòun ti lo ìgbésí ayé òun, òun ò mọ̀wé, àmọ́ òun mọ ohun tí òun àti Davidson ń gbìyànjú láti ṣe. Òun ò lówó. Ẹyin mẹ́fà tí òun ti ń tọ́jú nìyí, kí wọ́n fi í sínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà. Washington gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó Amẹ́ríkà tó pọ̀ gan-an lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹ̀bùn tó wọ òun lọ́kàn bí ẹyin yẹn.

Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti dá 250 dọ́là Marshall padà. Lẹ́yìn oṣù méjì sí i, wọ́n ti san 500 tán, ìwé ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ máà jẹ́ kí n fi oyin sí i o. Ayé inú ọgbà náà le. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ ṣán oko. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀ fajúro: kí ló kan ìwé kan àáké? Washington gbé àáké tirẹ̀, ó ṣíwájú wọn wọ igbó, lójoojúmọ́, títí wọ́n fi ṣán nǹkan bí 20 éékà. Oúnjẹ wáá ńkọ́? Ìdí ilé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí láti ní ibi ìjẹun, ìta gbangba ni wọ́n ti ń dáná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oúnjẹ kò délẹ̀, ọmọbìnrin kan lọ sídìí kànga kó lè fi omi dípò oúnjẹ. Okùn kànga ti já. Ó kùn pé ilé ìwé yìí, omi lásán pàápàá èèyàn ò lè rí mu níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀gá wà nítòsí, ó ń gbọ́. Tìmùtìmù, àwọn fúnra wọn ló rán an, ewé igi páìnì ni wọ́n kì sínú rẹ̀.

Àwọn òbí kọ̀wé. Àwọn òbí wá fúnra wọn. Wọ́n ní ìwé ni àwọn rán ọmọ lọ kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ oko. Ẹ má bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n fi pàṣán lé lọ sóko láàárọ̀ ayé rẹ̀, tó wá rán ọmọ lọ síléèwé kó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́, tí wọ́n tún kó ọkọ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́! Àwa náà á bínú.

Ọ̀rọ̀ bíríkì ló wá le jù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bíríkì nílùú, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé. Wọ́n ní àwọn á ṣe é fúnra àwọn. Àwọn ọmọ wọ inú amọ̀ dé orúnkún. Àwọn kan tìtorí rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ nǹkan bí 25,000 bíríkì, wọ́n tò ó sínú ààrò, kò jóná dáadáa, ó bàjẹ́. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti ń jó lọ, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ kan, ààrò wó lóru. Owó tán. Àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n jáwọ́. Washington mú aago rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Montgomery, ó fi í dógò, ó gba 15 dọ́là. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin jóná dáadáa. Kò rí owó gba aago náà padà mọ́.

Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọn ò fẹ́ràn ilé ìwé aláwọ̀ dúdú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bíríkì níbẹ̀, torí bíríkì náà dára. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi máa pé ogún ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ ju mílíọ̀nù kan bíríkì lọ lọ́dún. Ogójì ilé ló ti wà nínú ọgbà nígbà náà. Yàtọ̀ sí mẹ́rin péré, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Washington sọ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá fẹ́ fi pẹ́ńsù tàbí ọ̀bẹ ha orúkọ sára ògiri, òun ti gbọ́ ọ rí tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà á kígbe mọ́ ọn pé kó má dán an wò, ilé àwọn ni, òun wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ilé ìwé wa. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀. Ẹ wo àga tí wọ́n ti fọ́. Ta ló máa kígbe mọ́ wọn? Ilé ìjọba ni wọ́n ń pè é.

Ẹnìkan á ní, ṣé owó olówó kò wọ Tuskegee ni? Ó wọ̀ ọ́ gan-an. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ilé ńlá àkọ́kọ́, Porter Hall, orúkọ olówó kan ní Brooklyn tó dáwó sí i ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé ìkàwé wọn, Andrew Carnegie, olówó irin, ló fún wọn ní 20,000 dọ́là láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó jẹ́: ìparí ọdún 1900 ni Washington ń kọ̀wé sí i fún un. Wọ́n ti lo ọdún 19. Nígbà àkọ́kọ́ tí Washington lọ bá Carnegie, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tó sì máa béèrè, ohun tó kọ síwájú rẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mọ bíríkì, tí wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ ilé náà. Olówó náà kò dá nǹkan sílẹ̀. Ó bá nǹkan nílẹ̀ ló fi kún un. Ẹyin mẹ́fà ló ṣíwájú 20,000 dọ́là.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn gbà pẹ̀lú Washington. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé dúdú tó gbóná gan-an, bá a wí nínú ìwé rẹ̀ ní 1903. Ó ní bí a bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ọwọ́, tí a sì ń dákẹ́ lórí ẹ̀tọ́ ìbò àti ẹ̀kọ́ gíga, kí ni yóò fi dáàbò bo ohun tó ní? Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ìbò ni Lewis Adams fi gba ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 1901, òfin ìpínlẹ̀ tuntun gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláwọ̀ dúdú Alabama. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọgbọ́n méjèèjì pọ̀: ká máa mọ bíríkì, ká má sì sùn lórí ẹ̀tọ́ wa lọ́dọ̀ ìjọba.

Ó ku apá kan ìtàn yìí, ó sì sún mọ́ wa ju Alabama lọ. Tógò ni. Ìjọba Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà fẹ́ òwú. Wọ́n gbọ́ òkìkí Tuskegee, wọ́n ní kí Washington fún àwọn ní èèyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti Tuskegee ti wà ní Lomé, James Calloway ló ṣáájú wọn. Wọ́n dáko òwú ní Tove. Àrùn pa ẹran tí wọ́n fẹ́ fi túlẹ̀, wọ́n bá ní kí èèyàn máa fa ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dúró pẹ́, ó dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé, odò Mono ló gbé e lọ ní 1909. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀: ìjọba ló ń pàṣẹ kí àwọn agbègbè mú ọ̀dọ́ wá síléèwé yẹn, ìjọba ló sọ ohun tí wọ́n á gbìn, ilé iṣẹ́ Jámánì ni òwú ń lọ. Ọkọ́ kan náà, irú olùkọ́ kan náà. Ní Alabama, ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá pẹ̀lú ẹyin. Ní Tógò, wọ́n fi tipá mú ọmọ ìyá. Ohun tí a bá fi tipá gbà lọ́wọ́ èèyàn, kì í pè é ní tèmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, mo ní nǹkan mẹ́ta láti sọ, màá sì jókòó.

Èkíní, ẹ má dá owó àwọn ìyá wa padà. Bí ìyá kan bá dá ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí lẹ́tà rẹ̀ má kéré sí ti ẹni tó dá mílíọ̀nù kan.

Èkejì, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ yé gbé orúkọ ẹni tí kò tíì san sójú gbogbo ayé lórí fóònù. Ìtìjú lè mú owó wá, kì í mú ìfẹ́ ìlú wá. Ẹ lọ bá onítọ̀hún nílé. Bí kò bá lówó, kó mú ọjọ́ iṣẹ́ kan wá. Bíríkìlà wà láàárín wa, káfíńtà wà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wà. Mi ò ní kí ọmọ kéékèèké máa ru búlọ́ọ̀kù o, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ lè bù omi, wọ́n lè kun ọ̀dà, wọ́n lè gbin igi.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí olówó náà wá. Mi ò lé e. Ṣùgbọ́n kó wá bá ìpìlẹ̀ nílẹ̀, kó wá bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Tuskegee ti di yunifásítì, orúkọ yẹn ló ń jẹ́ láti 1985, ó sì wà títí dòní. Olivia Davidson kò rí gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ Washington ní 1885, ó kú ní 1889. Ìyá ẹlẹ́yin yẹn, Washington kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí àwa kọ orúkọ àwọn ìyá tiwa sílẹ̀ báyìí, kí ọjọ́ tó lọ.

Ìlú wa á gòkè, a ò ní rí ogun ọ̀tẹ̀.